Ṣúgà ológbò mi kò sọ̀kalẹ̀ láràárọ̀: ṣé kí n fi kún abẹ́rẹ́ rẹ̀?

Ìyá Àkàndé (Parakin, Ilé-Ifẹ̀) · Ọjọ́bọ̀, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ológbò mi ló gbé mi wá síbí. Àkàndé ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti bá wa jà títí pé ta ló ń fún ẹran ní oríkì ènìyàn. Ìjà náà ti parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún dá a sílẹ̀. Akọ ni, a ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ó ti lé ní ọmọ ọdún 9. Ó sanra nígbà kan, kílò 6 àti ààbọ̀. Ní báyìí, 4.8 ni.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀ jù. Abọ́ omi tó ń lò fún ọjọ́ méjì tẹ́lẹ̀, ọ̀sán kì í pọ́n mọ́ tó fi ń gbẹ. Ó ń jẹun bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti họ́sítẹ́ẹ̀lì, síbẹ̀ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń yọ. Èèrà ló wá là mí lójú. Yanrìn tó ń tọ̀ sí lẹ́yìn ilé ìdáná, èèrà bò ó lọ súà, bí ìgbà tí ẹnìkan da oyin síbẹ̀. Ìyá mi tó wá kí wa láti Ìpetumodù wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Báyìí gan-an la ṣe mọ ti bàbá yín."

Dókítà ẹran tí mo gbé e lọ bá wọn ṣúgà rẹ̀: 438. Ó ní àtọ̀gbẹ ni. Ó kọ ínsúlínì tí àwọn ènìyàn ń lò fún wa, oríṣi 30/70, tí wọ́n po èyí tó ń yára àti èyí tó ń pẹ́ pọ̀, tó funfun bí omi ògì. Yúnítì 1 láàárọ̀, 1 lálẹ́. Mo ra ẹ̀rọ ìwọnṣúgà, aago 7 àárọ̀ ni mo sì ń wọ̀n ọ́n kí n tó gún un. 390, 405, 412, 398. Mo pe dókítà, ó ní kí n sọ ọ́ di 2. Kò sí ìyàtọ̀. Ní ọjọ́ Ajé, èmi fúnra mi sọ ọ́ di 3. Àárọ̀ òní: 421!

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ náà ti yí. Gìgísẹ̀ ló fi ń tẹlẹ̀ báyìí, bí ehoro. Kò lè fò sórí àga mọ́. Ṣé kí n sọ ọ́ di 4 lọ́la?

Ọmọ Ẹnuwá · 8:52 alẹ́

Àkàndé ń gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, èmi tí ibà ti ń ṣe láti ọjọ́ Àìkú, Panadol ni wọ́n fi ń tàn mí. Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀ o, màámi.

Bàbá Sábó · 9:05 alẹ́

Ẹ má bínú sí àgbàlagbà. Ológbò tí à ń sìn nítorí eku! Èmi alára ń gún ínsúlínì, ọdún kẹrin rèé, mo mọ iye tó ń gbà lọ́wọ́ mi lóṣooṣù. Ṣé ẹran ni kí n wá máa ná an lé lórí? Ayé ti yí. Mo ní kí n sọ tèmi ni, kí n lọ jókòó síta. Ooru yìí ti fẹ́ pa mí. Lóru àná, òógùn bò mí débi pé aṣọ tí mo fi sùn rin gbingbin.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà) · 9:20 alẹ́

Bàbá, ẹ kú ooru.

Ìyá Àkàndé, ẹ má fi kún un. Mo sin ológbò alátọ̀gbẹ fún ọdún mẹ́ta ní Iléṣà níbí. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, mo ti ṣe é rí, díẹ̀ ló kù kó pa á.

Aago 7 àárọ̀ tí ẹ ń wọ̀n ọ́n, àsìkò tí abẹ́rẹ́ alẹ́ ti ṣiṣẹ́ tán nìyẹn. Ibi tí ṣúgà ti ga jù lọ lẹ ń wò lójoojúmọ́. Ẹ kò mọ ibi tó rẹlẹ̀ dé láàrin. Ẹni tó bá ń gba ọjà Àtákúmọ̀sà kọjá ní aago 6 àárọ̀ nìkan, á ní èèyàn kì í ná an.

Lọ́la, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gún un, kí ẹ tún máa wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì-méjì títí di aago 7 alẹ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Iye tó bá rẹlẹ̀ jù lọ ni a fi ń mọ̀ bóyá oògùn pọ̀ tàbí ó kéré.

Ìyá Àkàndé · 9:31 alẹ́

Ẹ̀ẹ̀meje lójúmọ́ kan? Àkàndé á ya mí jẹ. Ti àárọ̀ nìkan, ọkọ mi ní láti dì í mú bí ẹni mú olè.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣà · 9:48 alẹ́

Ẹ má dì í mú. Ẹ jókòó tì í. Ẹ bọ aṣọ kékeré sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fún un, ẹ fi bo etí rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ̀jẹ̀ lè wá síbẹ̀. Ẹ fi fásílínì pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ lè ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀, kó má sá wọnú irun. Ẹ tan iná fóònù sẹ́yìn etí náà: ẹ ó rí iṣan kan tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ má gún iṣan náà o. Àárín òun àti bèbè etí ni kí ẹ gún, kí ẹ fi owú sẹ́yìn rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ má baà bá ìka yín. Ìkán tó tó orí pín-ìn-nì ti tó. Lẹ́yìn náà, ẹja, kíá, kó tó rántí bínú. Orí ṣàwá ni mo máa ń fún tèmi. Nígbà tó yá, tó bá ti gbọ́ tí mo ṣí àpótí ẹ̀rọ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá jókòó.

Ìyá Ìbejì (Mọdákẹ́kẹ́) · 10:10 alẹ́

Ẹ fún omi ewúro fún un láràárọ̀. Òun ni ìyá ọkọ mi fi mú ṣúgà tirẹ̀ wálẹ̀ dáadáa.

Ìyá Àkàndé · Ọjọ́ Ẹtì, 11:06 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Mo ń ṣe é o. Aṣọ gbígbóná yẹn ṣiṣẹ́!

Aago 7: 409. Ó jẹun, mo fún un ní 3 bí ti tẹ́lẹ̀.
Aago 9: 262.
Aago 11: 97!!!

Ó ti wálẹ̀! Ṣé oògùn ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣà · 11:11 àárọ̀

Ẹ má tíì yọ̀. 409 sí 97 ní wákàtí mẹ́rin, eré nìyẹn, kì í ṣe ìrìn. Ẹ fún un lóúnjẹ nísinsìnyí. Ẹ gbé oyin sítòsí. Ẹ má dúró di aago 1, ẹ tún wọ̀n ọ́n láìpẹ́.

Ìyá Àkàndé · 11:58 àárọ̀

52. Kò fẹ́ jẹun. Ó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ó ti forí gbá ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣà · 11:59 àárọ̀

Oyin. Ẹ fi ìka pa á mọ́ èrìgì rẹ̀, lábẹ́ ètè. Ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí gìrì bá mú un, ẹ ti oyin mọ́ èrìgì náà, ẹ gbé e, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má dúró wo fóònù.

Ìyá Àkàndé · 12:16 ọ̀sán

71.

Ìyá Àkàndé · 12:41 ọ̀sán

104. Ó ti jókòó. Ó ti jẹ ìlàjì ẹja Titus. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n. Oyin wà lára kúṣìn, lára aṣọ mi, lára Àkàndé, lára fóònù yìí. Ọmọ mi obìnrin ṣì ń sunkún. Mo fẹ́ sọ ọ́ di 4 lónìí o! Bí n kò bá wá síbí lánàá…

Ọmọ Ẹnuwá · 12:44 ọ̀sán

Ẹ kú ewu, màámi. N kò ṣe àwàdà mọ́.

Dókítà Ẹran (Iléṣà) · 1:20 ọ̀sán

Ẹ kú ewu o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè ni. Dókítà ẹran ni mí, ṣùgbọ́n n kò rí Àkàndé sójú. Ẹ pe dókítà yín nísinsìnyí, ẹ ka àwọn iye yẹn fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀ 60, ewu ni. Ẹ máa wọ̀n ọ́n títí di alẹ́, torí oyin kì í pẹ́ lára, abẹ́rẹ́ àárọ̀ ṣì lè fà á sílẹ̀ padà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ènìyàn sábà máa ń ka ṣúgà ológbò sí kékeré ju bó ṣe jẹ́ gan-an lọ. Ó lè jẹ́ pé 52 yẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran tó ń forí gbá tábìlì, a kì í bá ẹ̀rọ jiyàn lórí rẹ̀.

Ẹ wá dá mi lóhùn. Kí ló ń jẹ? Ṣé ó gba abẹ́rẹ́ mìíràn rí kí èyí tó bẹ̀rẹ̀? Ibo lẹ ń tọ́jú ínsúlínì sí? Síríǹjì wo lẹ ń lò?

Ìyá Àkàndé · 7:18 alẹ́

Aago 3: 139. Aago 5: 297. Aago 7: 433. Láti 52! Dókítà wa ní kí n má gún un lálẹ́ yìí, kí n gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la.

Oúnjẹ: ẹ̀bà pẹ̀lú ilá àti ẹja, ohun tí a bá jẹ náà ni. Lónìí ni mo tó gbọ́ pé ìyá tó wà lójúlé kejì máa ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì fún un láràárọ̀. Láti ọdún tó kọjá! Ọmọ mi náà jẹ́wọ́ kọ́sítáàdì.

Abẹ́rẹ́: nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ara ń yún un, ó ń họra títí ó fi bó. Ilé ìtajà oògùn ẹran kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, gún un lẹ́ẹ̀mẹta. Yíyún náà dúró lójú ẹsẹ̀. Dexamethasone ni wọ́n kọ sínú káàdì.

Ínsúlínì: fíríìjì. Iná wa ní Parakin, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Síríǹjì: ti mílílítà 1, onídérí ọsàn, ti ínsúlínì.

Nọ́ọ̀sì Lágéré · 7:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, màmá. Ìbéèrè kan péré ni tèmi. Ẹ gbé síríǹjì yẹn síwájú iná. Láàrin 10 àti 20, àlàfo mélòó ló wà?

Ìyá Àkàndé · 7:44 alẹ́

Ẹ dúró. Mo ń wá awò ojú mi. Márùn-ún.

Nọ́ọ̀sì Lágéré · 7:45 alẹ́

Nígbà tí ẹ ní 3, ibo lẹ fà á dé?

Ìyá Àkàndé · 7:46 alẹ́

Ìlà kẹta.

Nọ́ọ̀sì Lágéré · 7:48 alẹ́

Àlàfo márùn-ún láàrin 10 sí 20, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ yúnítì 2 nìyẹn. 6 lẹ gún un láàárọ̀ yìí. Láti ọjọ́ kìíní, ìlọ́po méjì ohun tí dókítà sọ lẹ ń fún un.

Ìyá Àkàndé · 7:50 alẹ́

Ha! Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní girama o. Ọdún 17! Èmi tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí àmì kékeré kan nínú ìṣirò!

Nọ́ọ̀sì Lágéré · 8:02 alẹ́

Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Wọ́n gbé síríǹjì fún yín, kò sẹ́ni tó jókòó tì yín fi hàn yín. A máa ń rí i lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn náà.

Síríǹjì kékeré kan wà, mílílítà 0.3, 30 ló parí sí. Ẹ wá èyí tí ìlà rẹ̀ ń lọ ní ààbọ̀-ààbọ̀ yúnítì. Ó wọ́n ju èyí lọ, ó sì lè má sí ní kẹ́míìsì àkọ́kọ́ tí ẹ bá yà, ẹ béèrè. Ẹ wo ara rẹ̀, kí wọ́n kọ U-100 sí i. Nínú ínsúlínì tí ènìyàn ń lò níbí, yúnítì 100 ló wà nínú mílílítà 1. Àwọn ínsúlínì kan wà tí wọ́n ṣe fún ẹran, 40 ló wà nínú mílílítà kan tiwọn, síríǹjì wọn sì yàtọ̀. Bí ẹ bá fi síríǹjì ti 40 fa ínsúlínì ti 100, ohun tí ẹ pè ní 1 ti di 2 àti ààbọ̀. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yẹn wò, tíṣà.

Ìyá Àkàndé · 8:05 alẹ́

100 pín sí 40. Ó jóòótọ́. Ẹ̀rù bà mí.

Dókítà Ẹran (Iléṣà) · 9:30 alẹ́

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìdajì ìdáhùn ti wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ 433 lẹ́yìn 52 ló kù. Àwọn baba wa ní Ìjẹ̀ṣà a máa ta aṣọ láwìn káàkiri. Bí ọjọ́ owó bá pé, Òṣómàáló á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde títí yóò fi gbowó rẹ̀. Ínsúlínì 30/70 nínú ara ológbò, Òṣómàáló ni. Ó dé wéréwéré, ó kó gbogbo ṣúgà tó bá nílẹ̀ láàrin wákàtí mélòó kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Lára ológbò, ó tètè ń tán ju ti ara ènìyàn lọ. Láti bí aago 3 ọ̀sán títí di abẹ́rẹ́ alẹ́, kò sẹ́nikẹ́ni nídìí iṣẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ṣúgà bá já lójijì báyẹn, ìpayà á bá ara, ẹ̀dọ̀ á tú ṣúgà tó ti fi pamọ́ síta, bí onígbèsè tó sáré lọ yáwó lójúlé kejì. Ẹ tún fi oyin àti ẹja lé e lórí.

Àwọn kan wà tí wọ́n bá ti rí iye àárọ̀ tó ga, wọ́n á ní ṣúgà ti já jù lóru ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, oògùn ló kàn ti tán. Ojú ni kí ẹ fi rí i, kí ẹ wọ̀n ọ́n láàrin ọ̀sán.

Alájọ ni a ń wá fún ológbò, ẹni tó ń gba díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá aláta lójoojúmọ́ tí kò sì ni ín lára. Ínsúlínì tí wọ́n ń pè ní glargine sún mọ́ ọn jù nínú èyí tí a lè rí ní kẹ́míìsì wa. Ó mọ́ bí omi. Bó bá ti ṣú, ẹ sọ ọ́ nù. Yúnítì 1 ní wákàtí 12-12 ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ fi kún un, ààbọ̀ yúnítì ni, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan tí a ti tún wọ̀n ọ́n látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ bá dókítà yín sọ ọ́ lọ́la. Bó bá di pé Àkàndé kò jẹun tàbí ó ń bì, ẹ má gún un ní odindi láì pè é. Bí èémí rẹ̀ bá wá ń rùn bí ohun tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́.

Dexamethasone yẹn dùn mí. Ó máa ń ti ṣúgà sókè, kì í sì í jẹ́ kí ínsúlínì ríṣẹ́ ṣe. Lára akọ tó sanra, tí a tẹ̀ lọ́dàá, tó ti ń dàgbà, bí ẹni da epo síná ni. Bẹ́ẹ̀ yíyún ara náà, eégbọn lásán ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ kọ ọ́ sórí káàdì rẹ̀ gàdàgbà pé alátọ̀gbẹ ni.

Oúnjẹ ni tó kẹ́yìn. Ẹran ajẹran ni ológbò. Eku ló ń jẹ nínú igbó, kò sì sí gààrí nínú eku. Ẹja sísè, adìẹ sísè, ẹyin, láì sí ata, pàápàá láì sí àlùbọ́sà àti ááyù, torí wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Bí agbára bá ká a, kí oúnjẹ inú agolo tí wọ́n ṣe fún ológbò wà nínú rẹ̀, torí ẹja nìkan kò pé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má gba ẹ̀bà àti búrẹ́dì kúrò lọ́jọ́ kan kí abẹ́rẹ́ wá dúró bó ṣe wà. Bí gààrí bá lọ, ṣúgà á wálẹ̀ fúnra rẹ̀, abẹ́rẹ́ tó tó lánàá á wá pọ̀ jù lónìí. Kí oúnjẹ àti abẹ́rẹ́ jọ máa lọ, kí ẹ̀rọ yín sì máa ṣọ́ wọn.

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ewúro kò lè dí ipò ínsúlínì, ológbò kò sì ní mu ún fún yín.

Ìyá Ìbejì (Mọdákẹ́kẹ́) · 9:41 alẹ́

Mo gbà, dókítà. Ó tilẹ̀ ti pọ̀ jù lára mi nígbà kan tí mo dán an wò fún jẹ̀díjẹ̀dí.

Ìyá Àkàndé · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:15 ìrọ̀lẹ́

A ti lọ, a ti dé. Dókítà wa gbà lẹ́yìn tó ka ìwé mi. Ó tọrọ àforíjì pé òun kò fi síríǹjì náà hàn mí. Glargine, yúnítì 1, aago 7 sí aago 7. Kẹ́míìsì kẹrin ni mo ti rí síríǹjì kékeré náà, mo sì ka àwọn ìlà rẹ̀ níwájú wọn kí n tó sanwó. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tórí rẹ̀ kò pé.

Mo ti lọ bá ìyá ojúlé kejì. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo wá pa á?" Ó dùn mí fún un. Mo ní kó máa fún un ní ẹja díẹ̀ dípò búrẹ́dì, kó máa fi àsìkò rẹ̀ tó mi létí.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi mú un lọ.

Nọ́ọ̀sì Lágéré · 5:02 ìrọ̀lẹ́

Èyí tí ẹ kò tíì ṣí, fíríìjì ni ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sí ibi yìnyín. Bó bá ti dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tí ẹ ti ṣí lè wà níta fíríìjì fún ọjọ́ 28 bí ooru ibẹ̀ kò bá ju ìwọ̀n 30 °C lọ. Ilé wa máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí náà ẹ lo ọgbọ́n ìyá wa: ìkòkò amọ̀ kékeré nínú ńlá, iyanrìn tútù láàrin, aṣọ tútù lórí. Ẹ fi ínsúlínì sínú ike tó dé dáadáa kí omi má baà kàn án. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ló sọ irú ìkòkò yìí di olókìkí, ẹ̀fọ́ àti tòmátò ni wọ́n ń fi pamọ́ sínú tiwọn. Ní òkè ọya tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ó ń tutù dáadáa. Ní Ifẹ̀ níbí nígbà òjò, kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ooru kì í mú jù nígbà náà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára ìgò rẹ̀.

Ọmọ Ẹnuwá · 5:10 ìrọ̀lẹ́

Àmù ìyá àgbà mi ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, mo lè gbé e wá. Adìẹ ló ń yé sínú rẹ̀ báyìí o.

Ìyá Àkàndé · ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:30 alẹ́

Ti òní rèé. Aago 7 àárọ̀: 318. 10: 240. 1 ọ̀sán: 176. 4: 190. 7: 296.

Kò já, kò fò. Mo fi ìlà fà á sórí ìwé oníṣirò, ó rí bí àwokòtò. Ti ìjelòó yẹn dà bí kànga. Ṣé kí n fi kún un?

Dókítà Ẹran (Iléṣà) · 8:10 alẹ́

Bí dókítà yín bá gbà, ẹ lè gbé e sí 1 àti ààbọ̀. Ibi tó rẹlẹ̀ jù ṣì wà ní 176. A fẹ́ kó wà láàrin 80 sí 150. Ẹ má kánjú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún ya àwokòtò mìíràn.

Ìyá Àkàndé · ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọjọ́ Àìkú, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Àárọ̀: 203. Ọ̀sán: 118. Kílò 5.1. Abọ́ omi rẹ̀ ń lo ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Èèrà ti fi ẹ̀yìn ilé ìdáná sílẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti gbéra nílẹ̀ díẹ̀, ti òsì kò tíì, ṣùgbọ́n lánàá ó fò sórí àga, ó jábọ́, ó tún un fò, ó dúró. Ó ń wò wá bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Dókítà wa ní bí iye ọ̀sán bá ń wálẹ̀ sí i, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín abẹ́rẹ́ kù. Ó ní àwọn ológbò kan wà tí wọ́n ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. N kò tíì fọkàn sí i.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣà · 7:05 alẹ́

Tèmi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, ó tún padà dé. Bó bá tiẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má ta ẹ̀rọ yẹn.

Bàbá Sábó · 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́. Ọmọ ọmọ mi ló ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún mi láti òkè délẹ̀ lónìí. Ìyá Àkàndé, ẹ kú orí ire. Ohun tí mo sọ níjọ́sí, ẹ fi ojú fò ó.

Nọ́ọ̀sì, mo ní ìbéèrè. Èmi náà gbé síríǹjì mi síwájú iná. Láàrin 10 sí 20, àlàfo márùn-ún ni tèmi ní. 8 ni wọ́n ní kí n máa gún lálaalẹ́. Ìlà mélòó nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Lágéré · 9:16 alẹ́

Ìlà mẹ́rin, bàbá. Ìlà mélòó lẹ ti ń fà?

Bàbá Sábó · 9:21 alẹ́

Mẹ́jọ.

Nọ́ọ̀sì Lágéré · 9:21 alẹ́

Ṣé ẹ ti gún ti alẹ́ yìí?

Bàbá Sábó · 9:25 alẹ́

Mo ti gún un láti aago 8. Òógùn yẹn náà ti tún dé, mo rò pé ooru ni.

Nọ́ọ̀sì Lágéré · 9:25 alẹ́

Kì í ṣe ooru, bàbá. Ẹ ní kí ọmọ yẹn po ṣúgà síbí mẹ́ta mọ́ omi fún yín kí ẹ mu ún kíá, kí ẹ tó jẹun. Kó má fi yín sílẹ̀. Mo ti fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀, kó pè mí nísinsìnyí. Mò ń wọ bàtà mi.